Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá ní mi ò lè gba àlejò ìpàdé àpapọ̀ lọ́dún yìí?

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà | Ajé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará nínú Olúwa. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti àná, mi ò sì lè bá ẹnikẹ́ni nínú ìjọ wa sọ ọ́.

Ìpàdé àpapọ̀ àgbègbè wa ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mọ́níyà níbí ni wọ́n sì gbé e wá. Pásítọ̀ kéde pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan gba àlejò méjì sílé fún òru mẹ́ta. Àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó máa wọ ọkọ̀ ojú irin ní Èbúté Mẹ́ta, Mọ́níyà níbí náà ni wọ́n ti máa sọ̀. Nígbà tí ìwé orúkọ dé ọ̀dọ̀ mi, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi ọkọ mi. Irọ́ ni mo pa. Ọkọ mi kì í kọ àlejò.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tí a gba àlejò kẹ́yìn, màmá kan ni wọ́n fún wa. Yàrá kan àti pálọ̀ ni à ń gbé, èmi, ọkọ mi àti ọmọ mẹ́ta. Mo yá ₦30,000 lọ́wọ́ àwọn tí a jọ ń ná ọjà, torí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni lọ wí pé oúnjẹ kò sí nílé wa. Mo ra adìẹ, mo ra ìrẹsì, mo ra ẹlẹ́rìndòdò. Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, gáàsì tán mọ́ ìkòkò lábẹ́. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe àbúrò mi lórí fóònù, mo ní, "Gbogbo bí màmá yìí ṣe ń jẹun yẹn, gbèsè mi ló ń jẹ." Bí mo ṣe yíjú padà, àwọn ni mo rí lẹ́nu ọ̀nà, ife lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ìyá Ìbejì, omi ni mo ní kí n wá bù." Wọ́n bu omi, wọ́n wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìpàdé kò tíì parí, wọ́n ní wọ́n ń pe àwọn nílé. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi dáadáa, wọ́n lọ.

Láti ìgbà yẹn, tí mo bá ti dé ibi tí Pétérù ti ní "ẹ máa ṣe ara yín ní àlejò láìsí ìkùnsínú", ṣe ni mo máa ń yára ṣí ojú ìwé náà kọjá. Tèmi kò tilẹ̀ mọ sínú, ẹnu ni mo fi kùn, ó sì dé etí ẹni tí mo ń kùn sí. Nǹkan tún ti wá wọ́n ju ti ìgbà yẹn lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni tí mo bá ní mi ò lè ṣe é?

Díákónì_Ògbómọ̀ṣọ́ | Ajé, 9:02 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọkàn. Ẹ̀dùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ yín yìí fi hàn pé ẹ fẹ́ràn Ọlọ́run.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ kí ènìyàn ní òun kò ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti dùn mí ni ₦30,000 yẹn. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ka àlejò sí gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ wo opó Sáréfátì. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun kan ló kù nínú ìkòkò, òróró díẹ̀ nínú kólòbó, igi méjì ló sì ń ṣà lọ́wọ́. Èlíjà kò ní kó lọ yá ìyẹ̀fun lọ́dọ̀ aládùúgbò. Èyí tó wà nílẹ̀ yẹn náà ló ní kó bù fún òun. Ábúráhámù pa ọmọ màlúù ní tirẹ̀, torí màlúù ń bẹ lágbo rẹ̀. Ẹni tó ní agbo ń pa màlúù, ẹni tó ní ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun ń bu ìyẹ̀fun, Ọlọ́run kò sì fi ti ọ̀kan bú èkejì.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó wà nínú Hébérù 13:2 àti Róòmù 12:13, *philoxenia*, ìfẹ́ sí àjèjì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Kò mẹ́nu kan adìẹ. Èdè tiwa sì sún mọ́ ọn ju bí a ṣe rò lọ: ẹni tí a kò mọ̀ rí tó wọ ìlú, àlejò là ń pè é, ẹni tí a tẹ́ní fún, tí a gbé omi fún, àlejò náà là ń pè é. Ẹni tí a kò mọ̀ ti di ẹni tí à ń tọ́jú kí a tó la ẹnu tán. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, ọ̀rọ̀ yìí ti ń dúró dè wọ́n.

Ẹ gba ẹni kan dípò méjì tó bá jẹ́ pé ibi tí agbára yín mọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ orúkọ sílẹ̀, ẹ wá nọ́mbà màmá yẹn. Ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì tọrọ àforíjì. Mo rò pé ibẹ̀ gan-an ni ẹrù náà wà.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_Òde | Ajé, 9:40 alẹ́

Bàbá Díákónì, ẹ ṣeun, sà. Èmi gbà pẹ̀lú yín lórí gbèsè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òdì kejì rẹ̀ náà, kí a má fi àlejò ṣíṣe ṣe ara wa léṣe.

A gba ẹnì kan sílé wa láìpẹ́ sí ìgbà tí a ṣègbéyàwó. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni òun máa lò, òun ń wá iṣẹ́. Oṣù méje ló lò. Kò jáde wáṣẹ́, kò gbá ilẹ̀, nígbà tó sì máa lọ, fóònù ìyàwó mi bá a lọ. Ìyàwó mi sunkún. Kì í ṣe torí fóònù o, ṣùgbọ́n torí pé láàárín oṣù méje yẹn, àwa méjèèjì kò rí ibi jókòó bá ara wa sọ̀rọ̀ nínú ilé wa. Lóde òní tí ajínigbé wà káàkiri, tí ènìyàn kò mọ ẹni tó ń kanlẹ̀kùn, ṣé kí a kàn máa ṣílẹ̀kùn náà ni? Áńgẹ́lì lè wà nínú wọn lóòótọ́. Àwọn mìíràn náà sì wà nínú wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìwé_Mímọ́ | Ìṣẹ́gun, 6:20 òwúrọ̀

Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tó ṣe yín yìí ṣe àwọn Kristẹni àkọ́kọ́ náà, wọ́n sì wá nǹkan ṣe sí i láìti ilẹ̀kùn.

Ìwé kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Didache, ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi sọ pé ó súnmọ́ ìgbà àwọn àpọ́sítélì. Ó ní kí wọ́n gba gbogbo ẹni tó bá wá ní orúkọ Olúwa, lẹ́yìn náà kí wọ́n dán an wò. Arìnrìn-àjò á lo ọjọ́ méjì, bó bá sì di dandan, ọjọ́ mẹ́ta. Tó bá fẹ́ jókòó sí ìlú náà, tó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́, kó ṣiṣẹ́ kó sì jẹun. Àpọ́sítélì tó bá lo ọjọ́ mẹ́ta, wòlíì èké ni! Ẹ ò rí i pé àwọn náà ti rí ẹni tí kì í fẹ́ lọ.

Lẹ́tà ìfinihàn náà sì wà. Nígbà tí Fébè ará Kẹnkíríà ń lọ sí Róòmù, Pọ́ọ̀lù kọ̀wé nípa rẹ̀ pé kí wọ́n gbà á (Róòmù 16). Nítorí náà, kí ẹ béèrè lọ́wọ́ pásítọ̀ pé ta ni ẹni yìí, ọjọ́ mélòó ló fẹ́ lò, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ẹni tí Jòhánù bá wí ni Dìótíréfè, tí kì í gba àwọn ará rárá, tó tún ń lé àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n kúrò nínú ìjọ.

Agùnbánirọ̀_Àná | Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́nu iṣẹ́, omi bọ́ lójú mi.

Ní 2016, wọ́n gbé mi lọ sí Tàràbà láti sin ilẹ̀ bàbá wa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní kámpù, wọ́n fún mi ní lẹ́tà pé abúlé kan nítòsí Zing ni mo ti máa kọ́ni. Mi ò mọ ẹnì kankan. Mi ò gbọ́ Haúsá ju "sannu" lọ. Àwọn NCCF, ẹgbẹ́ àwọn agùnbánirọ̀ Kristẹni, ló kọ́kọ́ gbà mí sí ilé wọn tí wọ́n ń pè ní Family House. Orí ẹní ni a sùn, obìnrin méje nínú yàrá kan. Gàrí la mu lọ́sàn-án, ẹ̀wà la jẹ lálẹ́. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, pé oúnjẹ kò tó. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́ ni wọ́n ṣe bù ú fún mi, àárín ọjọ́ méjì ni mo sì ti di ẹni tó ń fọ abọ́ níbẹ̀.

Nígbà tí mo wá dé abúlé, màmá àgbà kan, ọmọ ẹ̀yà Mumuye, nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ibẹ̀, ní kí n wá. Wọ́n gbé kunu wá nínú igbá. Igbá náà ti sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n sì ti fi okùn tín-ín-rín rán ojú ibi tó sán, abẹ́rẹ́ ti lu ihò wẹ́wẹ́ tò lọ bí ilà. Wọ́n ní, "Sannu da zuwa," ìyẹn ni pé ẹ kú àbọ̀. Wọ́n kọ́kọ́ mu díẹ̀ níbẹ̀ níṣojú mi kí wọ́n tó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi. Ara mi bù máṣọ, torí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìyá bàbá mi ṣe máa ń ṣe ní Ìkirè: wọ́n á tọ́ omi wò kí wọ́n tó gbé e fún àlejò, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Mo ti rin ìrìn ọjọ́ méjì kúrò nílé, mo sì bá ìyá bàbá mi níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, igbá tó sán ni mo fi mu kunu yẹn. Mi ò rántí adìẹ kankan tí mo jẹ lọ́dún náà.

Abíkẹ́_Leeds | Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́, gbogbo yín. Mo dé Leeds ní 2022 láti kàwé. Mo wá ṣọ́ọ̀ṣì kan tó súnmọ́ ilé, mo ń lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí mi, wọ́n á ní òtútù pọ̀ lónìí, oníkálukú á gba ilé rẹ̀ lọ. Ènìyàn rere ni wọ́n. Ṣùgbọ́n tí mo bá padà sí yàrá mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo máa ń tan fídíò ìsìn ilé kí n kàn lè máa gbọ́ ohùn ènìyàn.

Obìnrin àgbà kan tí àwọn òbí wọn wá láti Jàmáíkà ló kọ́kọ́ ní, "Ìwọ náà wá jẹun nílé mi lónìí." Wọn kò ní kí n wá lóṣù tó ń bọ̀. Lónìí ni wọ́n wí. Ìrẹsì tí wọ́n fi ẹ̀wà àti omi àgbọn sè ni. Wọ́n sọ fún mi pé nígbà tí àwọn òbí wọn dé ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn, ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ tí wọ́n lọ, ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, ó sì rọra ní kí wọ́n má ṣe wá mọ́, pé inú àwọn ọmọ ìjọ kò ní dùn. Ohun tó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ti Kàríbíánì wá lẹ́yìn 1948 nìyẹn; inú pálọ̀ ara wọn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti bẹ̀rẹ̀ ìjọ tiwọn. Màmá ní ìyá àwọn ló búra pé ẹnikẹ́ni kò ní jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí òun bá wà kó lọ dá jẹun.

Èmi náà ti ń ṣe é báyìí. Mo máa ń se ìkòkò kan ṣáájú kí n tó lọ. Ẹni tí mo bá rí tó dúró lóun nìkan lẹ́yìn ìsìn, òun ni mò ń mú lọ. Àwọn ọmọ Íńdíà ti jẹ ẹ̀fọ́ rírò nílé mi, ata sì ta wọ́n dáadáa.

Àgbẹ̀_Kòkó_Ìdànrè | Ọjọ́rú, 5:55 òwúrọ̀

Ẹ kú ojúmọ́. Mi ò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo fẹ́ kí a wò. Aṣojú ìjọ tó ń bọ̀ láti Èkó, ẹni wa ni. Lọ́dún tó ń bọ̀ àwa náà á lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì san án padà. Nínú Lúùkù 14, Jésù ní tí o bá se àsè, má pe ọ̀rẹ́, má pe ará, má pe aládùúgbò ọlọ́rọ̀, kí àwọn náà má bàa tún pè ọ́. Pe àwọn tálákà, amúkùn-ún, afọ́jú.

Lóko wa níbí, àwọn ọmọ Tógò àti Kọ̀tọ̀nù ló ń bá wa ṣiṣẹ́ kòkó. Wọ́n á wá, wọ́n á ṣá oko, a ó sanwó, wọ́n á lọ. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi ń rí ọ̀kan nínú wọn lórí àga ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò mọ orúkọ ìyá tó bí i. Lọ́jọ́ Kérésìmesì tó kọjá, ìyàwó mi ló ní, "Bàbá, ibo ni ọmọ yẹn ti máa ń jẹ ọdún?" Ọ̀rọ̀ náà gún mi bí abẹ́rẹ́. Mo lọ pè é. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kan dání. Ó jókòó, kò sì lè jẹun fún ìgbà díẹ̀. Ó ní láti ìgbà tí òun ti kúrò nílé, ìta ni wọ́n máa ń gbé oúnjẹ òun sí.

Àjọjẹ ò dùn bí ẹnì kan ò ní, a sì máa ń fi sọ́rọ̀. Ìdànrè níbí ni ọmọ yẹn wà fún ọdún mọ́kànlá.

Ọmọ_Lísàbi | Ọjọ́rú, 10:30 òwúrọ̀

Bàbá àgbẹ̀, ẹ ṣeun. Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí Ṣódẹkẹ́. Ní Oṣù Kejìlá 1842, Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wọ Abẹ́òkúta. Nígbà tó di Oṣù Kìíní 1843, Townsend ti CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nárì ìjọ Áńgílíkà, dé. Ṣódẹkẹ́ olórí Ẹ̀gbá kì í ṣe Kristẹni. Ó gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀ nítorí àwọn ọmọ Ẹ̀gbá tó ti Sàró padà wálé. Ó kú ní 1845 kí iṣẹ́ náà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ìhìn rere tí à ń fi ń ṣe ìpàdé àpapọ̀ lónìí, àlejò ló kọ́kọ́ jẹ́ nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ẹni tí kò sì tíì gbà á gbọ́ ló fi í wọ̀ sílé.

Ìyàwó_Pásítọ̀_Ṣakí | Ọjọ́rú, 9:11 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ obìnrin sí obìnrin ni tèmi. Ọdún mẹ́rìndínlógún nìyí tí àlejò kò wọ́n nílé wa. Mo ti kùn, mo ti sunkún nínú ilé ìdáná, mo sì ti láyọ̀ níbẹ̀ ju ibikíbi lọ.

Ohun tó máa ń fa ìkùnsínú jù ni kí ẹnì kan ṣoṣo máa ṣe é. Ọkọ á jókòó bá àlejò sọ̀rọ̀ Olúwa ní pálọ̀, ìyàwó á wà nídìí iná títí òru, wọ́n á wá ka ìtàn Màtá sí i létí. Ẹ padà ka Jẹ́nẹ́sísì 18 fínnífínní. Sárà po ìyẹ̀fun lóòótọ́. Ta ló sáré lọ sínú agbo nínú oòrùn ọ̀sán gangan? Ábúráhámù ni, bàbá arúgbó. Ta ló gbé oúnjẹ síwájú wọn, tó sì dúró tì wọ́n lábẹ́ igi títí wọ́n fi jẹ tán? Òun náà ni. Olúwa wa fúnra rẹ̀ dáná létí òkun, ó yan ẹja, ó ní kí àwọn ọmọ ẹ̀yìn wá jẹun. Kí Bàbá Ìbejì pọn omi. Kí ó tẹ́ ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ nípa gáàsì kí ó tó tán.

Ẹ jẹ́ kí àlejò náà ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Ẹ fún un ní ewédú kó máa já a. Ẹni tó bá já ewédú nílé yín, ara rẹ̀ á balẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà | Àbámẹ́ta, 4:36 ìrọ̀lẹ́

Mo ti pe màmá yẹn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n nígbà tí fóònù ń dún. Mo ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo sọ lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ yẹn, ẹ dárí jì mí." Wọ́n dákẹ́. Mo rò pé iná ti lọ lórí fóònù. Wọ́n wá ní, "Mo gbọ́ ọ o, ọmọ mi. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n ìdí tí mo fi lọ ni pé ojú tì mí, torí mo wọlé yín lọ́wọ́ òfo, adìẹ lẹ sì ń pa fún mi." Wọ́n bi mí léèrè àwọn ìbejì, wọ́n mọ èyí tó máa ń jí lóru. Wọ́n ní tí àyè bá ṣì wà, kí n fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Mo ti fi sílẹ̀. Wọ́n fi ọmọbìnrin kan kún un. Ohun tó kù ni ibi tí wọ́n máa sùn, torí fóòmù kan ṣoṣo la ní.

Ẹ̀gbọ́n_Ọ̀jọ́ọ̀ | Àbámẹ́ta, 5:03 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ìbejì, Ọ̀jọ́ọ̀ ni mo wà, ọ̀nà kò jìn. Mo ní fóòmù méjì tí àwọn ọmọ mi lò kí wọ́n tó relé ọkọ. Mo máa sá wọn sóòrùn, kí n sì gbé wọn wá lọ́jọ́ Ẹtì tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ibi tí ilé wà ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Mọ́níyà | Ajé, 8:50 alẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà

Ẹ̀yin ará, wọ́n ti lọ láàárọ̀ yìí. Ọkọ mi ló lọ pàdé wọn níbi tí ọkọ̀ ojú irin ti já wọn, òun ló sì pọn omi ìwẹ̀ ní gbogbo àárọ̀. Màmá gbé ẹja gbígbẹ wá láti Èkó, a fi se ọbẹ̀ ọjọ́ méjì. Mi ò yá kọ́bọ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, gáàsì tún tán. Omi àmàlà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hó ni. Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀. Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, wọ́n di ìkòkò náà mú pẹ̀lú ìró wọn, wọ́n ní kí n ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé. Bàbá Ìbejì la igi. Ọmọbìnrin yẹn di ìkòkò mú, mo ro àmàlà, àwọn ìbejì ń fẹ́ná, èéfín bo gbogbo wa. Ibi tí mo dúró sí sọ̀rọ̀ lórí fóònù lọ́jọ́sí ni a tẹ́ní sí, tí a ti jẹun. Aago mẹ́wàá ti kọjá kí a tó fọwọ́.

Ẹ̀gbọ́n Ọ̀jọ́ọ̀, fóòmù yín wà nílẹ̀, mo ti fọ aṣọ rẹ̀. Bàbá Ìbejì máa gbé e wá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.